Ta Ni Ó Ń Jẹ́ "Ara Mi"?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí ó dá ara, tí ó sì dá ẹ̀mí tí ń gbé inú rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tú u wò yóò rí i pé ó jìn ju kànga lọ. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ẹran-ara tí a gbé wọ̀ àti ẹni tí ó gbé e wọ̀. Bí ẹ̀fọn bá jẹ wá, a ní ara ń yún wa. Bí a bá parọ́ fún ọkàn wa, a ní ara wa ni a tàn jẹ. Bí àìsàn bá lọ, a ní ara ti yá. Ara kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè wa wá ni pé: bí ara bá yí padà tán, tí kò jọ ti àná mọ́, ta ni ó ń jẹ́ "ara mi"?

Kì í ṣe inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ rí ìbéèrè yìí. Ẹnu obìnrin kan ni a ti gbọ́ ọ, ìyá tí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ kéú lọ́dọ̀ wa. Ó yọ̀ǹda fún wa pé kí a sọ ìtàn òun kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní, ṣùgbọ́n a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Ìyá Alámàlà, nítorí pé àmàlà ni ó ń tà, òun ni ó sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí a mọ̀ ọ́n, ó sanra, ó sì ń sanra sí i. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa sọ pé olóúnjẹ tí ó bá rù, oúnjẹ tirẹ̀ pàápàá kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ pọ̀. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, orúnkún méjèèjì ń ro ó. Bí ó bá sùn lóru, èémí rẹ̀ a máa dá dúró, ọmọ rẹ̀ obìnrin a sì sáré jí i. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ó fi ń jókòó sórí àga kírun, nítorí pé bí ó bá kúnlẹ̀, ènìyàn méjì ni yóò gbé e dìde. Ó gba ààwẹ̀, ó dín oúnjẹ kù, ó mu àgbo, ó ń rìn láàárọ̀. Bí ó bá fọn díẹ̀ lóṣù yìí, a tún padà lóṣù tí ń bọ̀. Níkẹyìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n mú un lọ sí Èkó, àwọn dókítà sì ṣe iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín àpòlúkù kù fún un.

Níbí ni ẹ̀bi tiwa ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ dé àdúgbò, ẹnìkan bi wá léèrè lẹ́yìn ìrun Alásárì pé kí ni ẹ̀sìn sọ sí i. A kò béèrè irú àìsàn tí ń ṣe obìnrin náà. A kò ṣí ìwé kankan. A kàn lanu, a ní ẹni tí ó bá jẹ́ kí wọ́n gé ohun tí Ọlọ́hun dá sí òun nínú ti yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, àti pé ààwẹ̀ ni oògùn ọ̀kánjúwà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, inú wa sì dùn pé a sọ̀rọ̀ tí ó wọ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí obìnrin yìí lórí ibùsùn tí ó dùbúlẹ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá, ni ó wá bá wa nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Àáfà, màmá ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín pé, ṣé ẹni tó yọ eyín tó ń dùn ún náà ti yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà?"

Ojú tì wá. Ọjọ́ náà ni a tó lọ ṣí ìwé.

Ohun tí a rí nìyí. Nínú hádíìsì tí Usama ọmọ Sharik gbà wá, àwọn ará oko kan bi Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó sì pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n wá a, nítorí pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò fún ní oògùn, àfi ogbó. Ní ọdún 2007, ní ìlú Putrajaya ní orílẹ̀-èdè Malaysia, ìgbìmọ̀ àgbáyé àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù jókòó lórí iṣẹ́ abẹ tí ń yí ìrísí padà. Wọ́n ya èyí tí a ṣe nítorí ẹwà àti àfẹ́ ọkàn lásán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a ṣe nítorí àìsàn. Ní ti sísanra, wọ́n ní bí ó bá ti di àrùn, tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju abẹ lọ, tí a sì fọkàn balẹ̀ pé kò ní mú ìpalára wá, ó tọ́ kí a ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí a sọ pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn tí ó mọ̀ jù wá lọ ti jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun.

A tún rí i pé a kò mọ àrùn náà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, àti pé Ànábì wa kọ́ wa kí a fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún omi àti fún èémí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sanra ni ó jẹ́ alájẹjù. Ó ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé mìíràn. Oògùn àìsàn mìíràn a máa fà á. Ara pàápàá a máa jà láti gba ọ̀rá rẹ̀ padà bí a bá fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àpòlúkù kì í ṣe àpò lásán. Ó ń tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi dé. Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Japan kéde pé àwọn rí i. Bí ẹni tí ó sanra bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ohun yìí a pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ebi a sì máa kígbe mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Ìyá Alámàlà, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àpòlúkù ni wọ́n ń gé kúrò, wọ́n sì ń gé ibi tí ohun náà ti ń wá jù lọ mọ́ ọn. Igbe ebi a rọlẹ̀.

Ẹ má rò pé idán ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, ohun mímu ni, ìmu kékeré kékeré. Lẹ́yìn náà ni ohun lílọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà ni èyí tí ó rọ̀, ó sì di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí oúnjẹ gidi tó wọlé. Obìnrin tí ó ti ń ro àmàlà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn wá ń fi ṣíbí ìpo-tíì jẹ ẹ̀kọ mímu. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, irun orí ọ̀pọ̀ wọn a máa já, kí ó tó tún hù padà. Oògùn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ àti egungun lókun di ohun tí a óò máa lò títí ọjọ́ ikú. Awọ ara a rọ̀ bí aṣọ tí a rán fún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn sì wà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn rò pé ayọ̀ ló yẹ kí wọ́n máa yọ̀.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, nínú oṣù Ràmàdáánì, a lọ kí i. Ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ìyá, ẹ kú ewu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọlọ́hun á forí ji gbogbo wa, Àáfà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí o." Lẹ́yìn náà ni ó tú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè gba ààwẹ̀ lọ́dún náà, nítorí pé àwọn dókítà ní kí ó máa mu omi díẹ̀ díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ó mọ̀ pé Ọlọ́hun ti ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn, síbẹ̀, bí àwọn ará ilé bá jí sí sààrì, ẹkún ni ó ń sun. Ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n gbé iyán kalẹ̀, kò lè jẹ ẹ́, olóde ní ó fojú tín-ínrín òun. Àwọn kan ń fẹnu kó o lọ́jà pé àrùn burúkú ló ń ṣe é. Àwọn oníbàárà ń wò ó bí ẹni tí ó ń tọrọ.

Ó ní, "Àáfà, mo wo dígí, mi ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Tí inú mi bá bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, mo mọ ibi tí mo máa ń sá sí. Màá bu àmàlà, màá bu gbẹ̀gìrì lé e, ọkàn mi á sì rọlẹ̀. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Àlàáfíà ni mo lọ wá, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi dà?"

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́, a kì í fẹ́ kí ìbéèrè borí wa. A rántí Ibn Sina, oníṣègùn àti onímọ̀ ọgbọ́n tí ó kú ní ọdún 1037. Nínú ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní al-Shifa, ó ní kí a fi ọkàn yàwòrán ènìyàn kan tí a dá lẹ́ẹ̀kan náà ní pípé, tí ó ń léfòó nínú òfuurufú, tí kò ríran, tí apá kò kan ẹsẹ̀, tí ohunkóhun kò kàn án. Ẹni yẹn kò ní mọ̀ pé òun ní ọwọ́ tàbí ikùn, síbẹ̀ yóò mọ̀ pé òun wà. Èyí tí ó mọ̀ pé òun wà yẹn, ó yàtọ̀ sí ẹran-ara. A tún rántí Imam al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ẹni tí ó fi ara wé ẹranko tí a ń gùn lọ sí Hájì. Ó yẹ kí arìnrìn-àjò bọ́ ọ, kí ó sì tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ, yóò sì kú sínú aṣálẹ̀. Nítorí náà a sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ má sunkún. Ẹran gígùn lara. Ẹ̀yin lẹ gùn ún, ẹ̀yin náà sì lẹ ṣì wà níbẹ̀."

Ó wò wá. Ó ní, "Àáfà, ẹni tó ti gun ẹṣin kan fún àádọ́ta ọdún, ṣé kò ní mọ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀?"

A kò rí èsì fún un. A padà sílé, a sì ń rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ni òótọ́ náà. Ẹ̀sìn wa kò sọ pé ara jẹ́ aṣọ tí a óò bọ́ sọnù. Ara yìí ni a óò gbé dìde lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀. Ọwọ́ yóò jẹ́rìí, ẹsẹ̀ yóò jẹ́rìí. Nígbà tí sàhábé kan ń fi ààwẹ̀ àti ìdìde òru pa ara rẹ̀ lára, Ànábì wa sọ fún un pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni kì í ṣe ẹrú ẹni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe olúwa ẹni. Ara jẹ́ ohun tí Ọlọ́hun fi sí wa níkàáwọ́. Bí a bá fi ọmọ sí ènìyàn níkàáwọ́, tí ọmọ náà ṣàìsàn, tí ó rù, tí ìrísí rẹ̀ yí padà, alágbàtọ́ yóò banú jẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò ní sọ pé òun kò gbà á tọ́ mọ́.

Ìdí kejì tí Ìyá Alámàlà fi sọ ara rẹ̀ nù ni àwa tí a yí i ká. Bí ẹnìkan bá sanra, a ní ọ̀kánjúwà ni. Bí ó bá fọn, a ní àrùn ni. Kí ni kí ó wá ṣe? Ẹ wo bí Ànábì wa ṣe ṣe. Ìyáwa Sawda, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀, jẹ́ obìnrin tí ó sanra, tí kì í lè yára rìn. Ní Hájì ìdágbére, ó tọrọ ààyè pé kí òun kúrò ní Muzdalifah lóru, kí ọ̀pọ̀ èrò tó rọ́ dé. Ànábì yọ̀ǹda fún un, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, kò sí wáàsí lórí ikùn. Ìyáwa Aisha, tí kò sanra bẹ́ẹ̀, sọ lẹ́yìn náà pé ì bá wu òun kí òun náà ti tọrọ irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ìdà kejì. Abdullahi ọmọ Mas'ud gun igi láti ṣẹ́ pákò, afẹ́fẹ́ ṣí aṣọ rẹ̀, àwọn sàhábé rí bí ojúgun rẹ̀ ti tínrín tó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ànábì sọ fún wọn pé lórí òṣùwọ̀n Ọlọ́hun, ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn wúwo ju òkè Uhud lọ. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan tínrín, Ànábì kò sì jẹ́ kí a fi ẹran-ara díwọ̀n èyíkéyìí nínú wọn.

Ìtàn ayé pàápàá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 958, àwọn ìjòyè ilẹ̀ León ní Spain lé ọba wọn Sancho kúrò lórí ìtẹ́. Ó sanra débi pé kò lè gun ẹṣin. Ìyá rẹ̀ àgbà, Ayaba Toda, mú un lọ sí Córdoba lọ́dọ̀ Abd al-Rahman kẹta, olórí àwọn Mùsùlùmí tí àwọn fúnra wọn ń bá jagun. Olórí náà gbà á lálejò, oníṣègùn ààfin rẹ̀, Hasdai ibn Shaprut, tí ó jẹ́ Júù, sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi fọn. Ní ọdún 960 ó wà lórí ìtẹ́ rẹ̀ padà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí. Ohun méjì ni a rí kọ́. Èkíní ni pé títọ́jú ẹni tí ó sanra kì í ṣe ohun àjèjì sí ìlú Mùsùlùmí; ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Èkejì ni pé àwọn ìjòyè wọ̀nyẹn ro pé ọ̀rá ni ó ń jọba. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, orúkọ kan náà, ènìyàn kan náà ni wọ́n lé lọ tí ó sì padà.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún náà, foonu wa dún ní kùtù, kété lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ìyá Alámàlà ni. Ẹkún ń bẹ lóhùn rẹ̀, a rò pé ẹnìkan ti kú. Ó ní, "Àáfà, iwájú orí mi kan ilẹ̀ lónìí. Mo forí kanlẹ̀, mo sì dá dìde fúnra mi." A kò lè sọ̀rọ̀. Ó tún ní, "Èmi náà ni. Ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi."

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra níbí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́. Ìrun tí ó fi ọdún mẹ́jọ kí lórí àga, ìrun ni. Ọlọ́hun kò di ohun tí ó ju agbára ẹni lọ ru ẹni. Àwọn àgbà wa tí wọn kò ní kúnlẹ̀ mọ́ títí wọn óò fi pàdé Olúwa wọn, wọn kò sọ ara wọn nù. Nítorí náà kì í ṣe orúnkún ni ó sọ obìnrin yìí di ènìyàn padà. Nígbà tí a bi í léèrè, àlàyé rẹ̀ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ohun tí ara òun kò lè ṣe mọ́ ni òun ń kà: kò lè jẹ iyán, kò lè gba ààwẹ̀, aṣọ kò bá a mu. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ dúpẹ́ nípa ara náà láìfi ti àná wé e. Ẹni tí ó dúpẹ́ lórí àga ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òun náà ni ó dúpẹ́ lórí ilẹ̀.

Ó dà bíi pé ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyẹn. "Ara mi" kì í ṣe ìwọ̀n ẹran-ara, kì í sì í ṣe ẹ̀mí tí ó ń léfòó láìkan nǹkan. Èmi ni ẹni tí a fi ara yìí ṣọ́, tí a óò bi léèrè nípa rẹ̀. Bí ara bá yí padà, iṣẹ́ ìṣọ́ náà kò yí padà. Ẹni tí ń bọ̀ láti inú àìsàn kì í sì í padà di ẹni àná. Ìyá Alámàlà ní àná òun ní adùn tirẹ̀, òun sì ń ṣàárò rẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ṣì ń tà àmàlà. Ṣíbí kan péré ni ó fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò, oníbàárà tí ó bá sọ pé ó ti rù jù, a bu ẹran kún tirẹ̀, a ní, "Ẹ bá mi jẹ tèmi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sáré lọ sábẹ́ ọ̀bẹ nítorí pé ó fẹ́ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú àwòrán. Iṣẹ́ abẹ yìí ní ewu, ó ní ìnáwó, ó sì ní ìtọ́jú tí kò lópin. Dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ó sọ ẹni tí ó tọ́ sí. Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹni yín bá ń bọ̀ láti inú irú rẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ dán ìfẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ bá a jókòó. Ẹ má bi í ní kílò tí ó kù. Ẹ bi í pé báwo ni ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí à ń pè ní àáfà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé "n kò mọ̀" jẹ́ èsì nínú ẹ̀sìn. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n wí lọ́jọ́ Alásárì yẹn, obìnrin kan kì bá tí sunkún lórí ibùsùn aláìsàn.

Kí Ọlọ́hun forí ohun tí ẹnu wa ṣẹ̀ jì wá. Kí Ó fi àlàáfíà sí ara gbogbo aláìsàn wa, kí Ó sì jẹ́ kí a lè fi ohun tí Ó fi ṣọ́ wa dá A lóhùn dáadáa lọ́jọ́ ìbéèrè. Àmín. Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jù.